Bí Àgbàlagbà Ṣe Lè Gba Ìtọ́jú Ìsanrajù Nílé Ìwòsàn: Láti Orí Òṣùwọ̀n Títí Dé Abẹ́rẹ́ àti Iṣẹ́ Abẹ

Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń yọ ènìyàn lẹ́nu, a ó ní kó lọ rí dókítà, kó máa lo oògùn rẹ̀ déédéé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìsanrajù, ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbọ́ kò ju "ẹ dín ẹnu kù" lọ, nígbà mìíràn láti ẹnu òṣìṣẹ́ ìlera gan-an. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ka ìsanrajù sí àìsàn tó ń pẹ́ lára, tó sì ń fa àìsàn mìíràn. Ní ọdún 2022, ẹnì kan nínú ènìyàn 8 láyé ló ní in. Àìsàn tó ń pẹ́ lára, ìtọ́jú tó ń pẹ́ ló ń fẹ́, ìbáwí kò wò ó sàn. Mo kọ èyí fún ẹni tó ti lé ní ọdún 18, tí kò lóyún, tó ti gbìyànjú fúnra rẹ̀ tó fọn díẹ̀, tó tún sanra padà, tó wá fẹ́ mọ ohun tí ilé ìwòsàn lè ṣe fún un àti èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe.

Ìgbésẹ̀ 1: Ìmúrasílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé

GOPD (ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́kọ́ rí dókítà) ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín tó láti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá le, dókítà ibẹ̀ ni yóò kọ ìwé fún yín lọ sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú ìtọ̀ ṣúgà àti họ́mónù ní ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, ẹ má sì tíì jẹun, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára yín.

Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e dání. Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo wí: ti dókítà, ti kẹ́míìsì, àgbo, àti abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Oògùn tó ń mú ara sanra pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Prednisolone tí wọ́n ń fún ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí oríkèé ríro wà nínú wọn. Insulin, glibenclamide àti glimepiride tí wọ́n fi ń tọ́jú ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni valproate fún wárápá, olanzapine fún àìsàn ọpọlọ, amitriptyline tí wọ́n ń fúnni nítorí ìrora àti àìrí oorun sùn, àti abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí olóṣù mẹ́ta. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ lo cyproheptadine tàbí dexamethasone tí wọ́n rà lọ́jà kí ara wọn lè bọ́, kí ìbàdí wọn lè yọ. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti lo irú rẹ̀ rí, ẹ sọ ọ́ láìtijú. Dexamethasone tí wọ́n bá fi oṣù gbáko lò lè sọ ojú di rogodo, ó lè kó ọ̀rá jọ sí ikùn àti ẹ̀yìn ọrùn, ó sì lè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè.

Àmọ́ ẹ má ṣe dá ọ̀kankan dúró fúnra yín. Ara tí dexamethasone tàbí prednisolone ti mọ́ lè dákú bí wọ́n bá já a gbà lójijì, oògùn wárápá tí a sì dá dúró lè gbé wárápá wá. Dókítà ni yóò wo èyí tó ṣeé fi òmíràn rọ́pò.

Ẹ tún kọ ohun tí ẹ jẹ àti ohun tí ẹ mu fún ọjọ́ 3 sínú ìwé, pẹ̀lú aago tí ẹ jẹ ẹ́. Ẹ kọ ìgbà tí sísanra náà bẹ̀rẹ̀: ṣé lẹ́yìn ọmọ kejì ni, ṣé ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn kan ni, àbí ìgbà tí ẹ fi iṣẹ́ oko tàbí iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ tí ẹ wá jókòó sí ọ́fíìsì? Bí ẹ bá máa ń dìde lóru jẹun ní ìkọ̀kọ̀, tí ẹ kò sì lè dúró bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ìyẹn náà. Ó ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn yín bó ṣe yẹ

Ẹ bọ́ bàtà, ẹ tú gèlè, ẹ kó fóònù àti kọ́kọ́rọ́ kúrò lápò kí ẹ tó gun òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n kan náà ni kí ẹ máa lò nígbà gbogbo. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wọn bí ẹ ṣe ga tó. A ó wá fi ìwọ̀n gígùn náà, ní mítà, sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a ó sì fi ohun tó bá jáde pín kílò. Obìnrin tó wọn kílò 96, tó ga ní mítà 1.60: 1.60 lọ́nà 1.60 jẹ́ 2.56, a pín 96 sí 2.56, ó di 37.5. Òun ni wọ́n ń pè ní BMI. Láti 18.5 dé 24.9 ni wọ́n kà sí ìwọ̀n tó dára. Láti 25, ara ti ń wúwo jù. Láti 30 ni ìsanrajù ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ní ìpele mẹ́ta: 30 sí 34.9, 35 sí 39.9, àti 40 sókè.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ mọ̀ pé ìlànà NICE tí àwọn dókítà ibẹ̀ ń tẹ̀lé ti sọ ààlà náà wálẹ̀ fún ẹni tí ìran rẹ̀ jẹ́ ti Áfíríkà. 27.5 ni ìsanrajù ti ń bẹ̀rẹ̀ fún wa níbẹ̀, nítorí pé ìtọ̀ ṣúgà máa ń tètè bá wa bí ara kò tilẹ̀ tíì wúwo tó ti òyìnbó. Bí dókítà yín bá gbàgbé, ẹ rán an létí.

Iye BMI nìkan kò tó. Alágbàáṣe tí iṣan rẹ̀ le lè ní 28 kó má ní ọ̀rá púpọ̀ nínú, nígbà tí ẹlòmíràn tó ní 26 ti kó gbogbo rẹ̀ sí ikùn. Ọ̀rá inú ikùn tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká ló ń ṣèpalára jù, ìdí nìyí tí téèpù fi ṣe pàtàkì. Ẹ dìde dúró. Ẹ tú ìdí ìró tàbí bẹ́líìtì. Ẹ fi ìka wá egungun ìhà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀, ẹ fi ìka kejì wá orí egungun ìbàdí. Agbede-méjì wọn ni téèpù yóò gbà yí ara ká, kó lọ gbọrọgbọrọ láìfún, láìrọ̀. Ẹ mí síta, ẹ má fa ikùn wọlé, kí ẹ tó ka nọ́ńbà. Bí ó bá ti ju ìdajì gígùn yín lọ, ewu ti ń pọ̀. Ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 160, kí ìyíká ikùn rẹ̀ má ju 80 lọ.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ẹ wo aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ apá. Bí apá yín bá tóbi, tí aṣọ náà sì kéré, iye tó máa jáde yóò ga ju bó ṣe rí lọ, wọ́n sì lè torí rẹ̀ kọ oògùn tí ẹ kò nílò fún yín. Ẹ béèrè èyí tó tóbi. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ìgbésẹ̀ 3: Àyẹ̀wò tó ń fi hàn bí ìsanra ti ṣe ara sí

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan gbé ìlànà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet Diabetes & Endocrinology. Wọ́n pín ìsanrajù sí méjì: èyí tó ti ń dí ẹ̀yà ara lọ́wọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tàbí tó ń dí ènìyàn lọ́wọ́ ìgbòkègbodò ojoojúmọ́, àti èyí tí kò tíì dé ibẹ̀. Mo fara mọ́ ọn, nítorí ẹni méjì lè jọ wọn kílò 100, kí ọ̀kan máa gun àtẹ̀gùn láìmí hẹlẹ, kí èkejì má lè sùn bí kò bá fi ìrọ̀rí mẹ́ta gbé orí sókè. Ìtọ́jú wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Àyẹ̀wò tó yẹ kí wọ́n ṣe fún gbogbo ènìyàn ni ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Ṣúgà òwúrọ̀ kí ẹ tó fẹnu kan nǹkan, bí ó bá jẹ́ 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì, ìtọ̀ ṣúgà ni. Bí ó bá wà láàárín 100 sí 125, ó ń bọ̀ lọ́nà. HbA1c tó ń sọ bí ṣúgà ti rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn máa ń fi ìtọ̀ ṣúgà hàn láti 6.5%, ṣùgbọ́n ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, SS, kò lè gbára lé e, ẹni AS náà sì gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà pé AS lòun, kí wọ́n má lọ ka ṣúgà tó ga sí èyí tó lọ sílẹ̀.

Ẹ sọ bí ẹ bá ń hanrun. Kì í ṣe gbogbo ìhanrun ló léwu, àmọ́ èyí tí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn rí i pé èémí yín ń dúró, tí ẹ ó sì ta gìrì bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, tí orí ń fọ́ yín láàárọ̀, tí oorun ń kùn yín lójú ọ̀nà bí ẹ bá ń wakọ̀, àìsàn gidi ni, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru ga, ó sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í wá déédéé, tí irun ń hù sí i lágbọ̀n, kó sọ. Orúnkún tó ń dunni, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ìtọ̀ tó ń yọ́ jáde bí ẹ bá rẹ́rìn-ín, ẹ sọ gbogbo rẹ̀. Ní ti thyroid, ẹ̀yà ara inú ọrùn tó ń ṣe họ́mónù, bí kò bá sí àmì bíi òtútù tó ń mú yín ju ẹlòmíràn lọ, awọ gbígbẹ tàbí gẹ̀gẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ òun ló fa sísanra náà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ jọ fi ẹnu kò sí iye tí ẹ ń lé

Ẹni tó wọn kílò 96 máa ń wọlé wá pé òun fẹ́ padà sí 60 tí òun jẹ́ nígbà ìgbéyàwó. Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. 5% sí 10% ni àfojúsùn àkọ́kọ́, ìyẹn bíi kílò 5 sí 10 fún ẹni yẹn, láàárín oṣù mẹ́fà. Ó dà bí ẹni pé ó kéré, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe pọ̀. Nínú ìwádìí Diabetes Prevention Program tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2002, àwọn tí ṣúgà wọn ti ń gòkè fi ṣe àfojúsùn láti dín ìwọ̀n ara wọn kù ní 7%, wọ́n sì ń fi ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá. Ìtọ̀ ṣúgà dín kù láàárín wọn ní 58% sí ti àwọn tí wọn kò ṣe é. Láàárín àwọn tó lo metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà kan, ó dín kù ní 31%.

Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti bá lè nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí DiRECT ní Britain lo àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà wọn kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Ohun mímu aláròpọ̀ oúnjẹ tí kò ju nǹkan bí 850 kálórì lójúmọ́ ni wọ́n ń mu fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún lábẹ́ àbójútó. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 46 nínú 100 ti bọ́ lọ́wọ́ ìtọ̀ ṣúgà láìlo oògùn. Nínú àwọn tí ìwọ̀n wọn fi kílò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín kù, 86 nínú 100 ni. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, kì í ṣe kí ẹ lọ gbààwẹ̀ fúnra yín: oògùn ṣúgà àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ yí padà lọ́jọ́ tí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣúgà lè já wálẹ̀ kó dá ènìyàn kú.

Ìgbésẹ̀ 5: Oúnjẹ

Kò sí oúnjẹ Yorùbá kan tí mo máa ní kí ẹ kọ̀ sílẹ̀ títí ayé. Ohun tí onímọ̀ oúnjẹ ní ilé ìwòsàn ń wá ni ọ̀nà tí nǹkan bí 500 sí 600 kálórì yóò fi kúrò nínú ohun tí ẹ ń jẹ lójúmọ́ láìsí ebi tó ń gbóni. Ibi tí mo ti ń rí i tó ń farapamọ́ jù ni mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni ohun mímu. Bọ́tìlì mínírà 50cl lè ní ṣúgà tó lé ní gíráàmù 50, àti kálórì tó lé ní 200. WHO ní kí ṣúgà àfikún má ju nǹkan bí gíráàmù 50 lọ lójúmọ́ fún àgbàlagbà, kó tilẹ̀ dára bí kò bá ju 25 lọ. Bọ́tìlì kan ṣoṣo ti gba ti odindi ọjọ́. Mọ́ọ̀tì tí a kà sí ohun tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun, àti júùsì inú páálí, kò sàn jù ú lọ. Bí ẹ bá lè ṣe ohun kan péré lóṣù yìí, ẹ fi omi rọ́pò wọn.

Èkejì ni epo. Ṣíbí ńlá kan, epo pupa ni o, òróró ni o, ní nǹkan bí 120 kálórì. Ẹni tó ń da epo láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìkòkò láìwọ̀n kò lè mọ iye tó lọ. Ẹ máa fi ṣíbí wọ̀n ọ́n: ṣíbí mẹ́ta sí mẹ́rin fún ìkòkò ẹ̀fọ́ tí ènìyàn mẹ́rin yóò jẹ tó. Ẹ gbé bọ̀ọ̀lì síwájú dòdò, ẹ gbé mọ́ínmọ́ín síwájú àkàrà.

Ẹ̀kẹta ni òkèlè, ìbí yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ ti fi ẹ̀bà sílẹ̀ wọ́n bọ́ sórí wíìtì tàbí àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n wá ń jẹ ìlọ́po méjì nítorí wọ́n gbọ́ pé kì í sanra ni. Ìyẹ̀fun ni gbogbo wọn, kálórì wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Bó ṣe tóbi tó ni ọ̀rọ̀ wà. Kí òkèlè tó wà nínú àwo má ju ìkúùkù yín lọ, kí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ilá tàbí ewédú gba ìdajì àwo, kí ẹja, adìyẹ tí a bọ́ awọ rẹ̀ tàbí ẹyin wà níbẹ̀. Ewédú fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní epo nínú rárá. Ẹ̀wà máa ń di ikùn mú pẹ́. Kí ẹ̀wà wà nínú oúnjẹ yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀.

Oníṣòwò tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láago méje, tí kò jẹ ju bisikíìtì àti mínírà lọ títí di alẹ́, tó wá délé láago mẹ́sàn-án tó jẹ iyán tí ebi ti gùn ún dé, kò jẹ̀bi. Bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe tò ló gbé e débẹ̀. Ẹ gbé mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀wà dání nínú kúlà, kí ẹ jẹ ẹ́ láago kan ọ̀sán. Ebi alẹ́ yóò rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ yẹra fún tíì tí wọ́n ń pè ní ti ikùn pẹlẹbẹ. Senna ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, ìgbẹ́ ló ń yà ni, omi àti potassium ló ń gbé jáde, ọ̀rá wà níbi tó wà. Àwọn kan tún máa ń ní sibutramine tí wọ́n fi pamọ́, oògùn tí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà yọ kúrò lórí àtẹ lọ́dún 2010 nítorí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Eré ìdárayá

Ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ni WHO ní kí àgbàlagbà fi ṣe eré tó ń mú èémí yára díẹ̀, kó sì fi ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ṣe eré tó ń fún iṣan lókun. Ìrìn kíákíá tí ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin tó. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè jókòó sórí àga kó máa na ẹsẹ̀, kó máa fi ọ̀rá omi tàbí ike omi gbé ọwọ́ sókè sódò. Kí n sọ òótọ́: eré nìkan kì í dín ìwọ̀n kù púpọ̀. Ibi tó ti wúlò jù ni dídá iṣan sí nígbà tí ara ń fọn, àti dídènà kí ìwọ̀n má padà.

Ìgbésẹ̀ 7: Oògùn, bí ó bá yẹ

Dókítà máa ń ronú oògùn bí BMI bá jẹ́ 30 sókè, tàbí 27 sókè tí àìsàn bíi ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà bá ti wà. Lílo oògùn kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Ó jẹ́ àfikún sí oúnjẹ àti eré, kò rọ́pò wọn.

Orlistat, 120 mg pẹ̀lú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, máa ń dí nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ọ̀rá tí a jẹ lọ́wọ́ kó má wọ ara. Ẹni tó bá lò ó kó tó jẹ ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀ yóò yàgbẹ́ olóròóró, ó sì lè má lè mú un dúró. Ó ń fẹ́ kí ènìyàn lo fítámì lálẹ́, torí ó ń dí fítámì A, D, E àti K lọ́nà. Agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n.

Abẹ́rẹ́ ọlọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí. Semaglutide ń ṣe bíi họ́mónù ìfun tó ń sọ fún ọpọlọ pé ikùn ti kún. Tirzepatide ń ṣe bíi họ́mónù ìfun méjì. Nínú ìwádìí ńlá, semaglutide 2.4 mg dín ìwọ̀n ara kù ní nǹkan bí 15% láàárín ọ̀sẹ̀ 68. Tirzepatide 15 mg dín in kù ní nǹkan bí 21% láàárín ọ̀sẹ̀ 72. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìwọ̀n oògùn náà sókè. Semaglutide ń bẹ̀rẹ̀ láti 0.25 mg fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó di 0.5, ó di 1, ó di 1.7, kó tó di 2.4. Ẹni tó bá fò ó nítorí ìkánjú yóò bì títí.

Ikùn, itan tàbí apá òkè ni ẹ ó gún un sí, lábẹ́ awọ. Bó bá jẹ́ ikùn, ẹ jìnnà sí ìdodo díẹ̀, ẹ má gún ojú kan náà lọ́sẹ̀ méjì léraléra, ẹ ti abẹ́rẹ́ náà wọlé lóòró, kí ẹ sì ní sùúrù kí gbogbo oògùn wọlé tán kí ẹ tó fà á yọ. Èyí tí ẹ kò tíì ṣí, kó wà nínú firíìjì láàárín 2 sí 8 digirí, kí ó má súnmọ́ ibi tó ń di yìnyín. Èyí tó bá ti dì, ẹ sọ ọ́ nù. Níbi tí iná kì í dúró, ẹ bá fámásì sọ ọ́ kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ fún yín, kí ẹ máa gba ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èébì, inú rírú àti àìrígbẹ́yà wọ́pọ̀, pàápàá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìwọ̀n oògùn bá gòkè. Ẹ jẹun díẹ̀, ẹ má jẹ ọlọ́ràá, ẹ mu omi. Inú ríro kíkankíkan tó lọ dé ẹ̀yìn tí kò dáwọ́ dúró, ẹyinjú tó di àwọ̀ ìyeyè, tàbí èébì tí omi kò dúró nínú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni: ó lè jẹ́ pé pancreas, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn ikùn, ló wú, tàbí kó jẹ́ òkúta inú àpò òróòro. Ẹni tí jẹjẹrẹ thyroid irú ti medullary bá ti wà nínú ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ lò wọ́n. Obìnrin tó fẹ́ lóyún, kó ti dá semaglutide dúró fún oṣù méjì ó kéré tán. Tirzepatide lè sọ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ẹlẹ́nu di aláìlágbára. Kí obìnrin lo kọ́ńdọ̀mù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ìwọ̀n bá gòkè. Ẹni tó ń lo insulin tàbí glibenclamide, kí dókítà dín wọn kù. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ kankan fún yín, ẹ sọ fún ẹni tó máa fún yín ní oògùn oorun.

Ẹ má ra abẹ́rẹ́ yìí lórí Instagram tàbí WhatsApp. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, WHO kìlọ̀ nípa ayédèrú Ozempic (orúkọ ọjà semaglutide) tí wọ́n rí ní Brazil, Britain àti Amẹ́ríkà. Ẹ rà á ní fámásì tó ní ìwé àṣẹ, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣírò owó ọdún kan, kì í ṣe ti oṣù kan. Àwọn tó dá semaglutide dúró nínú ìwádìí gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n tí wọ́n ti dín kù padà láàárín ọdún kan. Bí owó kò bá ní tó, ẹ sọ ọ́ síta fún dókítà, kí ẹ jọ wá ọ̀nà mìíràn. Ó sàn ju kí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ kí ẹ máa dúró.

Ìgbésẹ̀ 8: Iṣẹ́ abẹ

Fún BMI 35 sókè, tàbí 30 sókè tí ìtọ̀ ṣúgà bá ti wà, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́-abẹ ìsanrajù, ASMBS àti IFSO, sọ lọ́dún 2022 pé iṣẹ́ abẹ yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò. Irú méjì ló wọ́pọ̀: èyí tí wọ́n ń gé apá púpọ̀ nínú àpò oúnjẹ inú ikùn kúrò, kó kù bíi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, àti èyí tí wọ́n ń fi apá kékeré àpò oúnjẹ ṣe ikùn kékeré, tí wọ́n so ó mọ́ ìfun kí oúnjẹ lè gba ọ̀nà àbùjá. Ìwọ̀n ara sábà máa ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín kù, ìtọ̀ ṣúgà sì máa ń fi ọ̀pọ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, fítámì B12, irin, calcium àti fítámì D di ti ojoojúmọ́ títí ayé, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì di ti ọdọọdún. Obìnrin kò gbọdọ̀ lóyún fún oṣù 12 sí 18. Ohun kan tí a máa ń gbàgbé láti sọ fún ọmọ Yorùbá ni òkèlè: àwa tí a ń gbé e mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu gbọ́dọ̀ kọ́ láti jẹ ohun gbogbo kúná, torí iyán tó lẹ̀ mọ́ra lè dí ẹnu ọ̀nà ikùn kékeré náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ra ní oṣù kan ṣáájú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ irú iṣẹ́ yìí mélòó ló ti ṣe, ta ni yóò máa bójú tó yín lẹ́yìn rẹ̀, àti ibi tí ẹ ó gbà bí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí ro yín lóru. Bí wọn kò bá lè dáhùn, ẹ má sanwó.

Ìgbésẹ̀ 9: Kí ó má padà

Bí ara bá ti fọn, ó máa ń bá ẹni jà. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2011 fi hàn pé ọdún kan lẹ́yìn tí ìwọ̀n ti dín kù, họ́mónù ebi ṣì ga, èyí tó ń mú ni yó ṣì lọ sílẹ̀. Nítorí náà, bí ebi bá ń pa yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má rò pé ẹ ti di aláìlákòóso. Ẹ wọn ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní òwúrọ̀ kan náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà lóṣooṣù. Lẹ́yìn náà, ní gbogbo oṣù mẹ́ta. Bí oògùn kò bá tíì dín ìwọ̀n kù tó 5% lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí dókítà tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Ẹ sọ fún ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ yín kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò yóò béèrè pé ṣé kò sí, ṣé àìsàn ni, ẹ ti rù jù. Bí ẹni tó wà nílé bá mọ̀, yóò lè dá wọn lóhùn, yóò sì dín epo kù nínú ìkòkò gbogbo ilé.

Bí kílò mẹ́ta bá padà, ẹ má dúró de àpọ́ńtímẹ́ǹtì, ẹ lọ. Wọn yóò wo oúnjẹ, oorun, ọkàn àti oògùn tuntun tí ẹlòmíràn kọ fún yín, wọ́n sì lè gbé oògùn sókè tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí ìwọ̀n bá sì ń dín kù dáadáa, ẹ rán wọn létí kí wọ́n wo ìwọ̀n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ṣúgà yín: èyí tó yẹ fún kílò 96 lè pọ̀ jù fún 82, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n bí òòyì bá ń kọ́ yín nígbà tí ẹ bá dìde.